Wèrè Ìran: Ohun Tí Ẹ̀jẹ̀ Lè Fà àti Ohun Tí Kò Lè Fà

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ ìdílé kì í fẹ́ sọ síta, àfi bí ìgbéyàwó bá dé. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí ọmọkùnrin bá mú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wá sílé ní Surulere tàbí ní Mushin, àwọn òbí yóò kí i káàbọ̀, wọn yóò fún un ní ìjókòó àti ohun mímu. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti jáde tán, wọn yóò rán ènìyàn lọ sí ìlú àwọn ọmọ náà láti ṣe ìwádìí. Ẹni tí a rán yóò bèèrè bóyá ẹ̀tẹ̀ wà níbẹ̀, bóyá wárápá wà níbẹ̀, bóyá wèrè wà níbẹ̀. Bí ó bá padà wá sọ pé àbúrò bàbá ọmọ náà kan wà tí orí rẹ̀ dàrú nígbà kan rí, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó tán nìyẹn. Nígbà mìíràn, wọn kì í tilẹ̀ sọ ìdí rẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ.

A kò bá àwọn òbí wí pé wọ́n ń ṣe ìwádìí. Ìwádìí dára. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ gbé yẹ̀ wò ni bí ìdáhùn tí wọ́n mú bọ̀ ti wúwo tó, nítorí pé òṣùwọ̀n tí kì í ṣe tirẹ̀ ni púpọ̀ nínú wa fi ń wọ̀n ọ́n.

Àwọn baba wa kò sọ pé oríṣi wèrè kan ṣoṣo ni ó wà. Wọ́n ní wèrè amútọ̀runwá wà, wèrè ìran wà, wèrè àfiṣe sì wà. Obìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tí orí rẹ̀ dàrú, abísínwín ni wọ́n ń pe tirẹ̀. Àwọn dókítà náà ní orúkọ oríṣiríṣi. Èyí tí ó sún mọ́ ohun tí àwọn ènìyàn ń pè ní wèrè jù lọ ni àrùn tí wọ́n sọ ní schizophrenia, òun nìkan ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí. Ẹni tí ó bá ní i a máa gbọ́ ohùn ẹni tí kò sí nítòsí. A máa gbàgbọ́ pé àwọn aládùúgbò ń gbèrò ibi sí òun, pé rédíò ń sọ̀rọ̀ òun. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kì í tò mọ́. Òmíràn a dákẹ́ jẹ́ẹ́, kò ní wẹ̀, kò ní bá ẹnikẹ́ni ṣeré mọ́. Láàrin ọdún 15 sí 30 ni ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń tètè bá ọkùnrin ju obìnrin lọ. Kì í ṣe gbogbo alákìísà tí ẹ bá rí lábẹ́ afárá Ojúẹlẹ́gbà ni ó ní àrùn yìí. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan tí ó ní i wà tí aṣọ wọn mọ́, tí wọ́n ń lọ sí ibi iṣẹ́ láràárọ̀, nítorí pé wọ́n ń lo oògùn wọn déédéé.

Òṣùwọ̀n tí kì í ṣe tirẹ̀ tí a wí yẹn, òṣùwọ̀n AS àti SS ni. Kò sí ọmọ Èkó tí kò tí ì gbọ́ ọ̀rọ̀ jẹ́nótáìpù. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni kò ní so ọkọ àti aya pọ̀ bí wọn kò bá mú ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wá. Nínú ara ọmọ ènìyàn, àwọn ohun kéékèèké kan wà tí ojú lásán kò lè rí, tí a ń pè ní jíìnì. Àwọn ni bàbá àti ìyá fi ń fi ìrísí àti ìṣesí ara wọn sílẹ̀ fún ọmọ, ìdajì láti ọ̀dọ̀ bàbá, ìdajì láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ní ti àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, jíìnì kan ṣoṣo ni ó ń dá a sílẹ̀. Bí AS bá fẹ́ AS, ọmọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá bí lè jẹ́ SS ní ọ̀nà kan nínú mẹ́rin. Ẹni tí ó bá jẹ́ SS, àrùn wà lára rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí ó bá jẹ́ AA kò lè ní i láéláé. Ìṣirò yẹn ṣe tààrà. Ìdí nìyẹn tí àwọn Sickle Cell Foundation tí ó wà ní Ìdí-Àràbà, nítòsí ilé ìwòsàn LUTH, fi lè jókòó pẹ̀lú ọkùnrin àti obìnrin kí wọ́n sì sọ ohun tí ó wà níwájú wọn fún wọn.

Àrùn ọpọlọ yìí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ kó iṣẹ́ wọn pọ̀, wọ́n sì rí ibi 108 nínú jíìnì ènìyàn tí ó ní ohun í ṣe pẹ̀lú àrùn yìí. Nígbà tí ó fi di ọdún 2022, ó ti di 287. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó lágbára tó láti dá nǹkan kan ṣe fúnra rẹ̀. Ẹ ti rí dáńfó tí ó kú sójú ọ̀nà. Ẹnì kan kò lè tì í kúrò. Ṣùgbọ́n bí kọ̀ńdọ́kítọ̀ bá pe èrò ogún jáde, tí olúkúlùkù fi ọwọ́ díẹ̀ kún un, yóò ṣí, pàápàá bí ọ̀nà bá dà gẹ̀ẹ́rẹ́. Bí àwọn jíìnì wọ̀nyí ti ń ṣe nìyẹn. Gbogbo wa pátá ni a ní díẹ̀ nínú wọn lára, èmi tí mo ń kọ̀wé yìí àti ẹ̀yin tí ẹ ń kà á. Ti ẹlòmíràn kàn pọ̀ ju ti ẹnìkejì lọ ni. Lóòótọ́, àwọn ìyàtọ̀ díẹ̀ wà tí ó lágbára ju èyí lọ, bí irú èyí tí a fi ń bí ọmọ tí ègé kékeré kan ti já kúrò lára krómósómù rẹ̀ kejìlélógún. Nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mẹ́rin, bí ẹnì kan ni ó máa ń ní irú àrùn yìí tí ó bá dàgbà. Ṣùgbọ́n wọn kò wọ́pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi ìbejì ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ẹ̀yà tí ó ń bí ìbejì tó Yorùbá ṣọ̀wọ́n láyé. Dókítà Percy Nylander, tí ó ṣe ìwádìí ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1960, rí i pé nínú ìbímọ 1,000, bíi 45 ni ó jẹ́ ìbejì. Ìlú Igbó-Ọrà sì ti ti ibẹ̀ gba orúkọ káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n oríṣi Táíwò àti Kẹ́hìndé méjì ni ó wà. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú tiwa ni àwọn tí ẹyin méjì di ọmọ méjì. Wọ́n kàn jọ gbé inú kan náà lẹ́ẹ̀kan ni. Bí ọmọ ìyá méjì tí a bí ní ọdún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni jíìnì wọn rí. Oríṣi kejì ni àwọn tí ẹyin kan ṣoṣo pín sí méjì, tí ìyá tí ó bí wọn pàápàá a máa ṣi ọ̀kan pè fún èkejì. Jíìnì àwọn wọ̀nyí dọ́gba.

Ẹ wá rò ó wò. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ó ń fa àrùn yìí, bí ó bá ti mú Táíwò, kò lè ṣàì mú Kẹ́hìndé tí wọ́n jọ jẹ́ ẹyin kan. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ kò lọ́wọ́ sí i rárá, oríṣi ìbejì méjèèjì ni yóò rí bákan náà. Kò sí èyí tí ó rí bẹ́ẹ̀ nínú méjèèjì. Ní orílẹ̀-èdè Denmark, níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn ìbejì sínú ìwé ìjọba, àwọn onímọ̀ yẹ ìwé náà wò ní 2018. Ìbejì tí ó wà nínú rẹ̀ ju 30,000 ìyá ìbejì lè bí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ. Wọ́n rí i pé bí ọ̀kan nínú ìbejì ẹlẹ́yin kan bá ní àrùn yìí, nínú irú wọn 100, bíi 33 ni ìkejì náà ti ń ní i. Ti ẹlẹ́yin méjì, bíi 7 ni. Àwọn ìwádìí àtijọ́ fi ti ẹlẹ́yin kan sí 48. Ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ sí i, ọwọ́ ńlá ni pẹ̀lú. Síbẹ̀, nínú àwọn tí jíìnì wọn bá ti aláìsàn dọ́gba, àwọn tí àrùn náà kò mú ju ìdajì lọ.

Ẹ lè kà á níbì kan pé ìdá 80 nínú 100 àrùn yìí ni ó jẹ́ àjogúnbá. Àwọn dókítà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ó sì ti kó ìpayà bá ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kò túmọ̀ sí pé nínú 100 ọmọ tí aláìsàn bá bí, 80 ni orí wọn yóò dàrú. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé bí a bá kó ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ, tí a wo ìdí tí ewu ẹnì kan fi ju ti ẹlòmíràn lọ, ìyàtọ̀ jíìnì ni ó kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwùjọ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọ kan.

Ìṣirò tí ó kan ọmọ kan nìyí, ẹ gé e pamọ́ bí ẹ bá fẹ́. Nínú 100 ènìyàn tí a kò ṣà, bí ẹnì 1 ni yóò ní àrùn yìí nígbà ayé rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni tàbí ọmọ àbúrò ìyá ẹni ni ó ní i, bíi 2. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tí a jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan, bàbá kan, bíi 9. Bí ó bá jẹ́ bàbá nìkan tàbí ìyá nìkan, láti 7 dé 13, bí àwọn ìwádìí ti yàtọ̀ síra. Bí ó bá jẹ́ bàbá àti ìyá pọ̀, láti 27 dé 46. Ẹ kíyè sí i pé ọmọ tí ìyá rẹ̀ ní àrùn yìí, bíi 90 nínú 100 irú rẹ̀ ni kò ní ní i. Ẹ kíyè sí apá kejì náà: èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó ní àrùn yìí ni kò ní bàbá tàbí ìyá tí ó ní i. Nítorí náà, ìdílé tí ẹni tí ẹ rán níṣẹ́ wá ròyìn pé ó mọ́ tónítóní, ìwádìí náà kò fi ẹ̀rí múlẹ̀ pé kò sí nǹkan níbẹ̀.

Ẹlòmíràn yóò ní bóyá títọ́ ni, kì í ṣe bíbí. Ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1966, Dókítà Leonard Heston tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn ọmọ 47 tí àwọn ìyá tí ó ní àrùn yìí bí, tí a gbà kúrò lọ́wọ́ ìyá wọn láàrin ọjọ́ mélòó kan tí a bí wọn, tí àwọn ẹlòmíràn sì tọ́ wọn dàgbà. Nígbà tí wọ́n dàgbà, 5 nínú wọn ní àrùn náà. Nínú 50 ọmọ mìíràn tí a gbà tọ́ bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n tí ìyá tiwọn kò ní àrùn, kò sí ẹyọ kan. Mo fẹ́ kí àwọn ìyá ka èyí lẹ́ẹ̀mejì. Ní àwọn ọdún 1940 àti 1950, àwọn dókítà Òyìnbó kan ń kọ̀wé pé ìyá tí kò ní ìfẹ́ ni ó ń sọ ọmọ di wèrè. Níhìn-ín, wọ́n lè sọ pé ìyá ni ó fi ọmọ ṣe ètùtù, tàbí pé orogún rẹ̀ ni ó sà sí i. A kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà lórí àfiṣe. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó ti ń sunkún tẹ́lẹ̀, ẹ má ṣe fi ẹ̀sùn kún ẹkún rẹ̀.

Àwọn kan ti ń bèèrè bóyá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wà fún èyí bí ti jẹ́nótáìpù. Kò sí. Àwọn ilé iṣẹ́ kan lókè òkun lè gba itọ́ ẹnu yín kí wọ́n ka jíìnì inú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí dókítà tí ó lè fi èyí sọ ẹni tí orí rẹ̀ yóò dàrú. Ó tilẹ̀ burú sí i fún àwa aláwọ̀ dúdú, nítorí ara àwọn aláwọ̀ funfun ni wọ́n ti ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìwádìí náà. Ó yani lẹ́nu, nítorí pé àwọn Yorùbá Ìbàdàn wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi ẹ̀jẹ̀ wọn sílẹ̀ nígbà tí àwọn onímọ̀ ń ya àwòrán jíìnì ọmọ aráyé lẹ́yìn ọdún 2002. Títí dòní, àwọn onímọ̀ jíìnì níbi gbogbo ń lo ẹ̀jẹ̀ náà. Ìlẹ̀kùn ti ń ṣí díẹ̀díẹ̀. Ní 2020, a tẹ ìwádìí kan jáde láti Gúúsù Áfíríkà, láàrin àwọn Xhosa, aláìsàn 909 àti ènìyàn 917 tí kò ní àrùn náà. Wọ́n rí i pé àwọn àbùkù tí kò wọ́pọ̀ nínú jíìnì pọ̀ lára àwọn aláìsàn ju ti àwọn yòókù lọ, pàápàá nínú àwọn jíìnì tí ọpọlọ fi ń ta ọ̀rọ̀ látaré láti ibì kan sí ibòmíràn.

Kí ni ó wà ní apá kejì, èyí tí kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀? Àwọn kan ti ṣẹlẹ̀ kí ọmọ tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ní ilẹ̀ Netherlands, ìyàn mú ní òpin ọdún 1944 títí wọ 1945. Àwọn ọmọ tí a lóyún wọn nígbà tí ebi náà le jù, àrùn yìí wọ́pọ̀ láàrin wọn ní ìlọ́po méjì nígbà tí wọ́n dàgbà. Ọmọ tí ẹ̀mí há mọ́ nígbà ìbí, ewu tirẹ̀ pọ̀ díẹ̀. Bí bàbá bá ti dàgbà jù kí ó tó bímọ, ó ń fi díẹ̀ kún un pẹ̀lú, ẹ̀yin bàbá tí ẹ ń rò pé ti obìnrin nìkan ni.

Èyí tí ó wà lọ́wọ́ wa jù ni igbó. Dókítà Tọ̀láni Asuni ti ń kọ̀wé nípa igbó àti àrùn ọpọlọ ní Nàìjíríà láti ọdún 1964. Ní 2019, àwọn onímọ̀ tí ó ṣe ìwádìí ní Lọ́ńdọ̀nù, Amsterdam àti àwọn ìlú mìíràn rí i pé ẹni tí ó ń mu igbó líle lójoojúmọ́ wà nínú ewu ìdàrú ọpọlọ ní ìlọ́po bíi márùn-ún ju ẹni tí kò fẹnu kàn án rí lọ. Igbó tí wọ́n sì ń tà ní ẹ̀yìnkùlé àwọn ilé ní Mushin nísinsìnyí, àti èyí tí wọ́n ń pè ní Colorado, kì í ṣe ewé tí bàbá yín mọ̀ mọ́. Ọmọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tàbí ìyá rẹ̀ ti ní àrùn yìí, ẹ sọ fún un ní gbangba, kí ó tó pé ọdún 15, pé ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fi ṣeré, òun kò lè fi ṣeré. Ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kò dáàbò bo ọmọ rí.

Ibi tí ènìyàn ń gbé náà ní tirẹ̀. Àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ní àrùn yìí ní ìlọ́po mélòó kan ju àwọn aláwọ̀ funfun ibẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n kà á ní Jamaica, Trinidad àti Barbados, kò pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni. Ìdánìkanwà, ìfojú-tẹ́ńbẹ́lú àti ayé líle ìlú òkèèrè ni àwọn onímọ̀ ń wò báyìí. Ẹ rántí èyí nígbà tí ẹ bá ń bá ọmọ yín tí ó wà lọ́hùn-ún sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tí gbogbo ọ̀rọ̀ wá di ọ̀rọ̀ owó.

A ti padà dé ìdí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Ní 2005, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje ti Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde nípa ènìyàn 2,040 ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta tí a ti ń sọ Yorùbá. Àwọn tí ó ní àwọn lè fẹ́ ẹni tí ó ní àrùn ọpọlọ kò ju 16.9 nínú 100 lọ. Àwọn tí ẹ̀rù yóò bà láti bá a sọ̀rọ̀ lásán jẹ́ 82.7. Bí ó bá jẹ́ pé ìbẹ̀rù yẹn ni a fi ń dá àbúrò aláìsàn náà lẹ́jọ́, tàbí ọmọ rẹ̀ tí ara rẹ̀ le, mo ní kò tọ́. Bí ó bá jẹ́ àbúrò bàbá tàbí ìbátan tí ó jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ ni ó ní àrùn náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ti ẹlòmíràn lọ. Bí ó bá jẹ́ òbí tàbí ọmọ ìyá àfẹ́sọ́nà, tí àfẹ́sọ́nà fúnra rẹ̀ sì ti kọjá ọdún 30 tí ara rẹ̀ dá, ewu àwọn ọmọ tí wọn yóò bí jẹ́ bíi 3 sí 5 nínú 100. Èyí kò tó ohun tí a fi ń tú ìdílé ká. Bí ó bá jẹ́ pé apá méjèèjì ni àrùn náà wà, tàbí pé ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ni ó ní i, kí wọ́n jọ lọ rí dókítà kí wọ́n tó dá ọjọ́. Kí obìnrin tí ó ń lo oògùn má sì ṣe dá a dúró fúnra rẹ̀ nítorí oyún.

Àwọn kan ti gbìyànjú rí láti fi tipátipá gbá àrùn yìí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ní July ọdún 1933, ìjọba Hitler ní Jámánì ṣe òfin pé kí a sọ àwọn tí ó ní i di ẹni tí kò lè bímọ mọ́. Láti 1939, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n. Àwọn tí ó ṣe ìṣirò rẹ̀ sọ pé láàrin 220,000 sí 270,000 aláìsàn àrùn yìí ni wọ́n pa tàbí tí wọ́n sọ di bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ogun, àwọn tuntun tí àrùn náà mú ní Jámánì kò dín kù. Báwo ni yóò ṣe dín kù, nígbà tí ó jẹ́ pé ara gbogbo ènìyàn ni àwọn jíìnì náà pín sí?

Ibi tí mímọ ìtàn ìdílé ti wúlò ni kí a lè tètè rí àrùn náà. Bí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ nínú ilé yín, ẹ máa fojú sí àwọn ọ̀dọ́. Ọmọ tí kò sùn lóru mọ́, tí ó ń rẹ́rìn-ín níbi tí kò sí ẹnìkan, tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ já lulẹ̀ lójijì, tí ó ń fura sí oúnjẹ ìyá rẹ̀, ẹ má ṣe dúró kí ó tó bọ́ sójú títì. Ilé ìwòsàn tí àwọn ọmọ Èkó fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ tí wọ́n ń pè ní "Yaba Left" wà ní Harvey Road. Láti 1907 ni ó ti wà níbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ìbẹ̀rẹ̀, àgbàlá ìsémọ́ ni, ìtọ́jú kò sí níbẹ̀; kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. LUTH náà ní ẹ̀ka tirẹ̀ ní Ìdí-Àràbà. Láti àwọn ọdún 1950 ni oògùn tí ó ń pa ohùn náà lẹ́nu mọ́ ti wà, àwọn kan sì wà nísinsìnyí tí a ń gún lábẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Àwọn oníṣègùn wa pàápàá ti ń fi asofẹ́yẹjẹ tọ́jú wèrè kí Òyìnbó tó yọ oògùn reserpine jáde láti ara irú igi bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀lé àwọn aláìsàn ní ìlú mẹ́sàn-án, nínú ìwádìí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, ara àwọn ti Ìbàdàn yá lẹ́yìn ọdún méjì ju ti àwọn ìlú Òyìnbó ńláńlá lọ.

Bí ẹ bá ń lọ, ẹ mú ìwé kékeré kan dání. Ẹ kọ orúkọ ìbátan tí irú rẹ̀ ti ṣe sí i, bí ó ti jẹ́ sí ọmọ náà, iye ọdún tí ó wà nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, bóyá ó ń mu igbó, àti oògùn tí ó bá a lára mu. Dókítà yóò bèèrè rẹ̀ kí ó tó kọ oògùn. Bí ìyá àgbà kan bá wà nílé tí ó mọ ìtàn náà dáadáa, ẹ pè é lórí fóònù kí ẹ tó wọkọ̀.